Ajá Beagle ni àwọn ọmọ mi ń bèèrè: ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ta ló ti tọ́ ọ rí?

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 8, àbúrò wọn ń lọ sí 4. Láti ìgbà tí a ti lọ kí ẹ̀gbọ́n mi n'Ìbàdàn, tí wọ́n bá Beagle kan ṣeré níbẹ̀, etí mi ò sinmi mọ́. Bàbá wọn ní tí ajá bá máa wọ ilé òun, kó jẹ́ èyí tí olè máa rí tí yóò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ò fẹ́ èyí tó máa bu ọmọ aládùúgbò jẹ.

Ọgbà wa ní fẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ géètì ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ lè wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, kò sẹ́ni nílé láti aago 7 àárọ̀ títí di nǹkan bí aago 3 tí àwọn ọmọ máa ń dé. Ṣé Beagle yẹ wá? Akọ ni àbí abo? Ibo sì lèèyàn ti ń rí ojúlówó? Ẹnìkan fi fọ́tò tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní kí n san ìdajì owó. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi wá fọ́tò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti yà á.

Bàbá_Ọ̀bá_Ilé

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé ọ̀rọ̀ méjì ló dà pọ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ ajá ìṣọ́ ló ń wá, kó má náwó sórí Beagle. Ajá kékeré ni. Tó bá dàgbà tán, láti ilẹ̀ dé èjìká rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 13 sí 15, ìwọ̀n rẹ̀ á wà láàárín kílò 9 sí 14. Ó máa gbó o, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú súyà dání wọlé lóru ti di ẹbí. Àwọn àgbà ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Eléyìí, ojúlé kan gan-an kò lè ṣọ́.

Àkànkẹ́_Alágbàká

Bàbá, ẹ̀yin náà! Ẹ ò ṣáà parọ́.

Ìyá Ìbejì, mo ní ọ̀kan, abo ni, Alágbàká níbí ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Ní ti ọmọdé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ajá tí wọ́n máa ń kó jọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti fi lé ehoro nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ni, ó ti mọ́ ọn lára láti wà láàárín èrò. Àwọn ọmọ mi á fà á létí, á dìde, á lọ jókòó síbòmíràn. Ìyẹn ò ní ká fi ọmọ ọdún mẹ́ta àti ajá sílẹ̀ láwọn nìkan o, ajá yòówù kó jẹ́.

Imú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rò dáadáa. Ẹ ó rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń mú ajá rìn, imú ló ń mú ẹ̀yin méjèèjì rìn. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń gba ẹ̀yìn Sẹkitéríàtì lọ. Tí òórùn kan bá ti gbà á lọ́kàn, imú á lẹ̀ mọ́lẹ̀, etí méjèèjì á máa gbálẹ̀, ìrù á dúró ṣánṣán. Tó bá wọ koríko, funfun orí ìrù yẹn nìkan ni mò ń rí. Lásìkò yẹn, kí n pè é títí ohùn mi á fi há, kò gbọ́. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Beagle tí kò ní í sọnù pàápàá kì í gbọ́. Nítorí náà, okùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi níta, bó ti wù kó gbọ́ràn tó nínú ilé.

Ìsàlẹ̀ géètì yẹn, ẹ pe wẹ́dà kó dí i kẹ́ ẹ tó mú ọmọ ajá wálé. Ihò tí ọwọ́ bá wọ̀, orí ọmọ ajá lè wọ̀ ọ́, ara á sì tẹ̀lé e. Ó tún ń gbẹ́ ilẹ̀. Bíríkìlà ló bá wa to búlọ́ọ̀kù wọnú ilẹ̀ lábẹ́ wáyà ẹ̀yìnkùlé.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìdérí garawa ìdọ̀tí wa ní kọ́kọ́rọ́. Kò sí àwàdà níbẹ̀.

Ọmọ_Ẹkímọgún

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Ní Òǹdó tiwa, tí ajá tó sanra báyìí bá gba ẹ̀bá ọjà kọjá, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wò ó ló ń wo ẹwà rẹ̀. 404, ẹran ajá, làwọn kan ń wò 😂

Àkànkẹ́_Alágbàká

Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́.

Ọmọ_Ẹkímọgún

Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Yaba, ní Òǹdó, kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára bẹ́líìtì ọrùn ajá, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ó ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́". Ẹran tí oògùn ti wọ ara rẹ̀, ta ló fẹ́ fi jẹ ẹ̀mu? Ajá náà ń bẹ láyé títí dòní.

Adarí

A ti yọ ìpolówó ẹnìkan kúrò níbí. A kì í ta ajá lórí ìjíròrò yìí. Ẹ má sì fowó ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ò tíì fojú rí ajá rẹ̀.

Dókítà_Ẹranko_Òkè_Ìjẹ̀bú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀, ẹ̀rín lẹ fi ń pa mí. Ẹranko ni mò ń tọ́jú, ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń yan ọmọ ajá.

Ẹ lọ bá a níbi tí wọ́n bí i sí, kẹ́ ẹ rí ìyá rẹ̀. Tí wọ́n bá ní ìyá ò sí nílé, ẹ máa bá tiyín lọ. Tí ìyá bá ń sá fún èèyàn, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ya ojo. Kó pé ọ̀sẹ̀ 8 kó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá, ẹ má gbọ́ tẹni tó ní ó ti ń jẹun fúnra rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀, kó mọ́, kí ẹran pupa má yọ ní kọ̀rọ̀ ojú lápá imú. Ìyẹn máa ń ṣe Beagle. Ẹ gbé etí rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Etí tó ń rùn ti ní àrùn. Bí ikùn bá wú róńdó tí egungun ìhà sì yọ, aràn ló wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ìdodo bóyá nǹkan yọ síta. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá yí padà wá wo ohun tó dún ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi èyí tó sá wọ abẹ́ àga sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ gbowó lórí. Aláwọ̀ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù, dúdú, funfun àti àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, dúdú àti funfun nìkan lẹ sábà máa rí, àwọ̀ ilẹ̀ á máa yọ bó ṣe ń dàgbà.

Ó kan káàdì àjẹsára. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 3, ẹ ó sì máa tún un ṣe lásìkò tí dókítà bá kọ sí káàdì. Kí orúkọ abẹ́rẹ́, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gún un wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó fẹ́ gún un pé ibo ló ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sí. Láti ibi tí wọ́n ti ṣe é dé ara ajá, òtútù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gbogbo wa mọ bí iná ṣe ń ṣe. Bí fíríìjì rẹ̀ ò bá ní sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, ó lè jẹ́ omi lásán ló ń gún fún yín.

Páfò, àrùn tó ń pa ọmọ ajá, ló ń jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí. Ọmọ ajá á kọ oúnjẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìgbẹ́ rẹ̀ á di omi ẹlẹ́jẹ̀, òórùn ibẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń gbàgbé. Kì í dúró de owó oṣù. Kòkòrò àrùn rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ ọgbà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọmọ ajá bá ti kú báyìí rí nínú ọgbà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú yín, ẹ wí fún dókítà kẹ́ ẹ tó mú òmíràn wọlé. Ọṣẹ lásán kò pa á. Jik ni kẹ́ ẹ fi fọ sìmẹ́ǹtì, ife 1 sínú ife omi 30, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fọ ìdọ̀tí kúrò.

Oògùn aràn: ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 12, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí yóò fi pé oṣù 6. Ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, torí aràn inú ajá lè ran ọmọ kékeré tó ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré.

Akẹ́kọ̀ọ́_South_Gate

Ẹ ṣé gan-an ni, Dókítà. FUTA ni mo wà. Ṣé èèyàn lè sìn ín ní hóstẹ́ẹ̀lì? Yàrá kan ni mo ní, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ajá.

Ọmọ_Ọdẹ_Ìgbàrà_Òkè

Àbúrò, gbọ́. Ọdẹ ni bàbá mi àgbà. Ajá ọdẹ tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó tó bá ń lé ẹran, ṣaworo ni wọ́n ń so mọ́ ọn lọ́rùn kí ọdẹ lè mọ ibi tó gbà. Beagle, ohùn rẹ̀ ni ṣaworo rẹ̀. Ó lè gbó bí ajá yòókù, ó lè hu kó fà á gùn bí ẹni tí wọ́n tú ọ̀fọ̀ fún. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ló máa ń ké tó bá ti rí ipa ẹran. Wọ́n dìídì yan àwọn tó ń ké ni, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè mọ ibi tí eré dé. A ò lè rà á tán ká wá sọ pé kó dákẹ́. Tó o bá lọ sí kíláàsì, tó o tilẹ̀kùn mọ́ ọn, lánlọ́ọ̀dù á kó ẹrù ẹ síta kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà tó parí.

Ará_Àkúrẹ́_ní_Atlanta

Ẹ má fojú kéré imú yẹn o. Láti 1984 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń lo Beagle ní pápákọ̀ òfurufú, Los Angeles ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, láti fi wá ẹran àti èso tí wọn ò fẹ́ kó wọlé. Ó kéré, kì í dẹ́rù ba èrò, oúnjẹ díẹ̀ sì ti tó o fún owó iṣẹ́. Kò ní gbó mọ́ yín. Ẹ ó kàn rí i tó jókòó jẹ́ẹ́ síwájú àpò yín. Ẹni tó bá ti fi ankara di ẹran gbígbẹ rí mọ bí ara ṣe ń rí tí ajá yẹn bá jókòó.

Oníkòkó_Ìdànrè

Dókítà, inú ọgbà la ti ń sá kòkó. Ajá ìbílẹ̀ wa kì í wò ó. Ṣé Beagle náà ò ní kà á sí?

Dókítà_Ẹranko_Òkè_Ìjẹ̀bú

Á kà á sí o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè, torí gbogbo ìpínlẹ̀ wa lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ohun kan wà nínú kòkó tó ń jẹ́ theobromine. Ara tiwa ń tètè gbé e dànù, ti ajá kì í yá. Á máa bì, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, á máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Àwọn èèyàn mọ̀ pé wọn kì í fún ajá ní ṣokoléètì, wọn ò wá rántí pé hóró tó wà lórí tápólì níwájú ilé ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ gbé e ga kúrò nílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ so ajá mọ́ ẹ̀yìnkùlé títí ẹ ó fi kó o. Èèpo hóró rẹ̀ náà léwu.

Àlùbọ́sà àti èso àjàrà wà níbẹ̀, àti egungun adìyẹ tó ti jiná, tó máa ń fọ́ ṣóńṣó. Ẹ má fún un ní Paracetamol tàbí ibuprofen tara rẹ̀ bá gbóná. Tí eégbọn bá mú un, ẹ wá gba oògùn eégbọn. Ọ̀tápìápíà tí wọ́n ń fi wẹ ajá yẹn, majèlé ni, awọ ara ló ń gbà wọlé. Ọmọ ajá lè má dalẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi pa èkúrú ajá náà kò dára. Ẹ má sì fi eégbọn ṣeré. Ó ń gbé àrùn tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ajá. Ajá á rù, ẹ̀yìn ètè rẹ̀ á funfun, itọ̀ rẹ̀ lè pọ́n.

Bàbá_Ìbejì

Èmi ni ọkọ tí ẹ ń sọ. Ìyàwó mi fi gbogbo rẹ̀ hàn mí. Mo ti gbọ́ ti súyà.

Ajá ìbílẹ̀ ni màá wá fún ìṣọ́, kí àwọn ọmọ mú Beagle wọn. Ṣé àwọn méjèèjì lè gbé pọ̀?

Bàbá_Ọ̀bá_Ilé

Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn! Ajá ìbílẹ̀ mọ ilẹ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, oúnjẹ tẹ́ ẹ bá rí ló máa jẹ, kì í sì í rẹ́rìn-ín sí àlejò.

Dókítà_Ẹranko_Òkè_Ìjẹ̀bú

Wọ́n lè gbé pọ̀, inú Beagle á tiẹ̀ dùn pé òun rí ẹnìkejì. Ẹ má kó wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà ṣá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan mọ ilé kí èkejì tó dé, kí ajá ìbílẹ̀ náà sì gba gbogbo abẹ́rẹ́. Dìgbòlugi kì í béèrè ìran.

Ní ti akọ tàbí abo, ìwà wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Abo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12, lẹ́yìn náà nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Gbogbo akọ àdúgbò á wá jókòó sí géètì yín lásìkò náà. Akọ ní tirẹ̀ á máa wá ọ̀nà jáde lọ bá abo. Tẹ́ ò bá fẹ́ kí wọ́n bímọ, a lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún èyíkéyìí nínú wọn.

Àbẹ̀kẹ́_Shagari_Village

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ti aago 7 sí aago 3. Mo ti tọ́ ọmọ ajá púpọ̀, òun ni mo kà sí olórí ọ̀rọ̀. Ọmọ ajá oṣù 2 kò lè di ìtọ̀ mú ju wákàtí 2 sí 3 lọ. Ẹ tì í mọ́lé fún wákàtí 8, ilé á rùn, ẹsẹ̀ àga á di jíjẹ, òun náà á sì hu títí tí àwọn aládùúgbò á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé e.

Ẹ dúró di ìsinmi ìparí ọdún ẹ̀kọ́, tí àwọn ìbejì máa wà nílé lójoojúmọ́. Gbàrà tó bá jí, tó bá jẹun tán, tó bá ṣeré tán, kí ẹnìkan gbé e jáde síbi kan náà. Tó bá ṣe é síbẹ̀, ẹ tètè fún un ní ẹran bíńtín, kẹ́ ẹ sì yìn ín. Tó bá ṣe é sí pálọ̀, ẹ nù ún kúrò, ẹ má ti imú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Beagle kì í tètè kọ́ èyí, ẹ mú sùúrù. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa fi í sílẹ̀ lóun nìkan ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi kún un, kó tó di pé ilé-ìwé wọlé. Kódà nígbà náà, ẹ bẹ ẹnìkan nítòsí kó máa yà wò ó lọ́sàn-án.

Akẹ́kọ̀ọ́_South_Gate

Mo ti gba kámú lórí hóstẹ́ẹ̀lì. Kí ló ń jẹ gan-an? Oúnjẹ ajá inú àpò ti di ọ̀wọ́n.

Àkànkẹ́_Alágbàká

Mo ń ra ti inú àpò díẹ̀, mo sì ń se ìrẹsì àti ẹja ṣáwá pọ̀ láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà, mo ń ṣa egungun rẹ̀ kúrò. Ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí mo bá lọ ọjà. Ọmọ ajá á jẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, láti oṣù 6, ẹ̀ẹ̀mejì. Ife ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má wo ojú rẹ̀ o! Á jẹun tán, á tún wá wò yín bí ẹni tí kò jẹun láti ìjẹta. Àlejò mi ló máa ń ṣàánú rẹ̀, tí wọ́n á máa ju pùpúù sí i lábẹ́ tábìlì.

Dókítà_Ẹranko_Òkè_Ìjẹ̀bú

Ẹ fi ọwọ́ ra ìhà rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lè ka egungun rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ láìtẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kó má hàn sójú. Beagle tó bá sanra jù, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jìyà, ẹ ó sì gé ọjọ́ ayé ajá tó lè lo ọdún 12 sí 15 kúrú.

Kí n má gbàgbé etí. Ó gùn, ó bo ihò, atẹ́gùn kì í wọ̀ ọ́, tí òjò Àkúrẹ́ bá wá dé, ó máa ń tutù nínú. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ń mi orí, tó ń họ etí, ẹ gbé e wá. Ẹ má da omi tútù tàbí òróró sí i. Àdí náà kọ́.

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun, ẹ kú àánú wa. Oṣù Kẹjọ la fẹnu kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi n'Ìbàdàn ti bá wa rí ẹnìkan tí abo rẹ̀ wà nínú oyún, ó ní a lè wá wo ìyá rẹ̀ nígbàkígbà. Báwo la ṣe máa gbé ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 8 láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́?

Àkànkẹ́_Alágbàká

Ẹ mú aṣọ ìnura kan lọ nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fẹ́ lọ wò ó, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níbi tí ìyá wọn ń sùn sí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa gbé e, aṣọ yẹn ni kó sùn lé, nínú páálí tàbí kéèjì, lórí àga ẹ̀yìn. Ẹ má gbé e sí búùtù. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ gbéra kí oòrùn tó mú. Tẹ́ ẹ bá dúró ní Iléṣà, inú páálí ni kẹ́ ẹ ti fún un lómi, ẹ má gbé e sílẹ̀ ní gáréèjì. Ẹ rántí páfò.

Dókítà_Ẹranko_Òkè_Ìjẹ̀bú

Kó má jẹun ní wákàtí 2 sí 3 kẹ́ ẹ tó gbéra, torí èébì. Ẹ gba káàdì àti ìyókù oúnjẹ tó ń jẹ lọ́wọ́ ẹni náà, ẹ máa fi tiyín rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí inú má bàa ṣí. Láàárín ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ bá dé, ẹ gbé e wá fún àyẹ̀wò. Ẹ mú ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ dání nínú ọ̀rá.

Bàbá_Ìbejì

Ìgbẹ́ ajá, nínú mọ́tò mi?

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Nínú mọ́tò yín ni, olówó orí mi. Dókítà, a ó wá.